Ṣé O Mọ̀? Fọ́tò Òkè àti Odò Kì Í Parí Níbi Tí A Ti Yà Á

Ṣé o mọ̀ pé fọ́tò òṣùpá tí Ansel Adams, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi lókìkí jù lọ, “Moonrise, Hernandez, New Mexico”, kò rí bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n lónìí nígbà tí ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́? Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọsánmà sì hàn ketekete lókè. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń mú ojú ọ̀run yẹn ṣókùnkùn sí i, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátápátá nínú àwọn èyí tí ó tẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Fíìmù kan náà ni. Òṣùpá kan náà ni. Ọkùnrin tí ń fọ̀ ọ́ ló ń rí i dáadáa sí i.

Ṣé o mọ̀ pé kò rí ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ó ń wakọ̀ padà sí Santa Fe lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ tí kò mú nǹkan gidi wá, ló bá rí òṣùpá tó yọ lókè abúlé Hernandez, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń tàn sára àwọn àgbélébùú funfun inú itẹ́ òkú. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó gbé kámẹ́rà ńlá rẹ̀ kalẹ̀, ó wá mítà títí, kò rí i. Ohun tí ó ti há sórí ló gbà á: ìmọ́lẹ̀ òṣùpá jẹ́ káńdẹ̀lì 250 lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Láti ibẹ̀ ló ti ṣírò rẹ̀: ojú lẹ́ǹsì f/32, ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó fẹ́ tún un yà lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n kí ó tó múra tán, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú.

Kò sí ẹ̀ẹ̀kejì mọ́. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti lọ, kò sì ní padà wá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tí ó lè padà sí ni fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí i. Ní ọdún 1948, ọdún méje lẹ́yìn tí ó yà á, ó fi kẹ́míkà tún apá ìsàlẹ̀ négátíìfù náà ṣe, níbi tí ilẹ̀ àti ilé wà, kí àwòrán ibẹ̀ lè lágbára sí i. Iye ìgbà tí ó tẹ fọ́tò yìí jáde láyé rẹ̀ lé ní 1,300. Ní ọdún 2006, ẹyọ kan nínú wọn tà ní dọ́là 609,600 ní gbàǹjo Sotheby's.

Ṣé o mọ̀ pé Adams fúnra rẹ̀ kò rántí ọjọ́ tí ó yà á? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọdún tí ó ń kọ sí i. Dennis di Cicco, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Sky & Telescope, ló wo ipò òṣùpá nínú àwòrán náà, ó ṣírò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì kéde ní 1991 pé ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1941 ni, nígbà tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 49.

Ṣé o mọ̀ pé dùùrù ni ọkùnrin yìí kọ́ kí ó tó fi fọ́tò ṣe iṣẹ́? Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń sọ pé négátíìfù dà bí orin tí olórin kọ sínú ìwé, pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde ni a tó kọ orin náà. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ yẹn ní pàtàkì, a ó rí i pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tijú pé òun ṣe àtúnṣe fọ́tò. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi yangàn pé àwọn kò fọwọ́ kan fọ́tò àwọn rárá. Kámẹ́rà ti bá wọn fọwọ́ kàn án.

Kámẹ́rà ti fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Ṣé o mọ̀ pé ojú kámẹ́rà rẹ kò rí àwọ̀ rárá, pé ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kà? Bryce Bayer, òṣìṣẹ́ Kodak, ló ṣe ètò tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń lò títí dòní, tí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1976: wọ́n to àwọn àlẹ̀mọ́ aláwọ̀ wínníwínní sórí ojú náà, àwọ̀ ewé méjì sí pupa kan àti búlúù kan. Ìyókù, ẹ̀rọ ló ń méfò rẹ̀. Fóònù òde òní tún kọjá bẹ́ẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ya àwòrán mélòó kan tẹ̀ léra, wọ́n á pa wọ́n pọ̀, wọ́n á tan òjìji, wọ́n á sì rẹ ojú ọ̀run sílẹ̀ kí o tó rí ohunkóhun. Ẹni tí kò ṣe àtúnṣe ti gbà pé kí ẹlòmíràn bá òun ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé àtúnṣe ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí kọ̀ǹpútà tó dé ìdí iṣẹ́ yìí? Ní àwọn ọdún 1850, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ya fọ́tò máa ń gba àwọ̀ búlúù ju gbogbo àwọ̀ yòókù lọ. Bí òkun bá jáde dáadáa, ojú ọ̀run á funfun báláú. Gustave Le Gray, ará Faransé, ya òkun sórí négátíìfù kan, ó ya ojú ọ̀run sórí òmíràn, ó sì so wọ́n pọ̀ níbi tí omi àti ọ̀run ti pàdé. Fọ́tò ìgbì ńlá tí ó yà ní Sète ní 1857 ṣì ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Photoshop kò tíì dé nígbà náà. Oṣù Kejì ọdún 1990 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Thomas Knoll àti John àbúrò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí ìka rẹ ń ṣe lórí áàpù Snapseed tàbí Lightroom? Nínú yàrá òkùnkùn, iná máa ń gba inú négátíìfù kọjá sórí pépà. Ibi tí ẹni tí ń fọ fọ́tò kò bá fẹ́ kó dúdú jù, ó fi ọwọ́ tàbí pépà líle dí i fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí ó bá fẹ́ kó ṣókùnkùn, ó jẹ́ kí iná pẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run Hernandez ṣe ṣú.

Ṣé o mọ̀ pé fáìlì JPEG ń tọ́jú ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí RAW oníbíìtì 14, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ń tọ́jú 16,384? Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn lọ́jọ́ tí o yà á. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ mú ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ṣókùnkùn díẹ̀ ló ń hàn: JPEG á pín sí ìlà ìlà, RAW á sì lọ geerege. Ọ̀pọ̀ fóònù Android lè ya RAW báyìí, Snapseed náà sì lè ṣí i, láìgba kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ibi tí agbára àtúnṣe pin sí? Omi tí ó bá ti funfun kọjá ààlà nínú fáìlì, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. O lè sọ ọ́ di eérú, o kò lè dá ìṣàn rẹ̀ padà. Òjìji máa ń ṣàánú ju bẹ́ẹ̀ lọ, o lè tàn án díẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹni tí ń ya ìsun omi tọ́jú funfun omi náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ó jẹ́ kí àpáta ṣókùnkùn, kí ó tó wá tan àpáta nílé. Fọwọ́ kan omi náà lójú fóònù kí o tó yà á, kí o fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀.

Òmíràn tún wà tí àtúnṣe kò lè ṣe: dídán orí ewé tútù. Lẹ́yìn òjò, ewé inú igbó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run padà, àwọ̀ wọn á sì ṣá. Gíláàsì tí wọ́n ń pè ní polarizer, tí a ń yí lójú lẹ́ǹsì, ló ń gé dídán yẹn kúrò. Bí o kò bá fi í ya fọ́tò, kò sí bọ́tìnì kankan lórí kọ̀ǹpútà tó lè mọ àwọ̀ tó wà lábẹ́ dídán náà. Àfi kí o padà lọ.

Ó ti pẹ́ tí Adams ti mọ èyí. Ṣé o mọ̀ pé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1927, nígbà tí ó gun òkè lọ ya àpáta Half Dome ní Yosemite ní California, gíláàsì méjì péré, irú èyí tí wọ́n ń ya fọ́tò sí dípò fíìmù, ló kù nínú èyí tí ó rù lọ? Ó lo ọ̀kan pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ àwọ̀ ìyeyè. Ó tẹ̀ ẹ́ tán ló wá yé e pé ojú ọ̀run kò ní ṣókùnkùn tó bí ọkàn òun ṣe rí i. Ó fi àlẹ̀mọ́ pupa ya èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀run dúdú, àpáta dúró gbọn-in. “Monolith” ni ó pè é, ó sì máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń rí fọ́tò tó parí lọ́kàn kí a tó tẹ bọ́tìnì.

Ọmọ ọdún 14 ló wà nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Yosemite, ní 1916. Kò sí ọdún kan lẹ́yìn náà tí kò padà síbẹ̀ títí ó fi kú ní 1984. Ó fẹ́ ọmọ ayàwòrán tí ó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Nígbà tí bàbá ìyàwó kú ní 1936, Virginia ìyàwó rẹ̀ jogún ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí o bá rí “Clearing Winter Storm”, tí ìjì òtútù ń ká kúrò lórí àfonífojì, rántí pé ẹni tí ó yà á mọ ibẹ̀ ní òjò, ní yìnyín, ní oòrùn àti ní kùrukùru. Ojú ọ̀nà ló dúró sí, níbi tí gbogbo arìnrìn-àjò máa ń dúró sí. Ohun tí àwọn yẹn kò ní ni ọjọ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé òṣùpá pàápàá máa ń padà? Lẹ́yìn ọdún 19, òun àti oòrùn máa ń bọ́ sí ipò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ kan náà nínú ọdún. Donald Olson, onímọ̀ ojú ọ̀run ní Texas, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣírò pé ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, ní agogo méje ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 3, ni Adams ya “Autumn Moon” láti Glacier Point. Ọdún 57, ìyẹn 19 lọ́nà mẹ́ta, lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn pé jọ síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́, òṣùpá sì yọ níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Lónìí, áàpù bíi PhotoPills á sọ fún ọ láti orí ìjókòó rẹ ibi tí oòrùn yóò gbà yọ lọ́jọ́ tí o bá mú.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ti fi ìpadàlọ sí ojúkò ṣe odidi iṣẹ́? Láàárín 1977 sí 1979, Mark Klett, Ellen Manchester, JoAnn Verburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí ibi tó lé ní 120 ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ibi tí àwọn ayàwòrán ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti dúró. Òjìji inú fọ́tò àtijọ́ ni wọ́n fi mọ wákàtí àti ìgbà ọdún. Wọ́n á ya fọ́tò Polaroid lójú ibẹ̀, wọ́n á fi rúlà wọ̀n ọ́n mọ́ ti àtijọ́, wọ́n á sún kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi bá a mu. Ìgbà tí wọ́n ṣe èyí ni wọ́n tó rí i pé Timothy O'Sullivan ti mọ̀ọ́mọ̀ tẹ kámẹ́rà rẹ̀ ní 1869 ní Utah, tí àwọn àpáta kan fi dà bíi pé wọ́n fẹ́ wó. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí àṣírí yẹn tó tú, ẹni tó padà lọ dúró sójú ibẹ̀ nìkan ló sì lè tú u.

Ayàwòrán James Balog náà bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2007. Ó gbin kámẹ́rà sí àwọn òkè yìnyín ní Greenland, Iceland àti Alaska, wọ́n ń ya ibì kan náà láìsinmi. Fíìmù “Chasing Ice” tó jáde ní 2012 fi hàn bí yìnyín ṣe ń sá sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Ṣé o mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kì í pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá? Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá agbedeméjì ayé, oòrùn wa sì ń wọ̀ ṣánṣán, kì í fẹ̀gbẹ́ rìn. Láti ìgbà tí ó bá wọ̀ títí dìgbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, kò ju bí ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ. Ní London, nínú oṣù Kẹfà, ó lé ní 40. Ẹni tí ó bá kà á nínú ìwé àwọn Òyìnbó pé òun ní wákàtí kan fún ìmọ́lẹ̀ tútù yẹn, tí ó sì gbé kámẹ́rà dé Òkè Ìdànrè bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí àwọn àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600. Dé ibẹ̀ ṣáájú. Mọ ibi tí o máa dúró sí kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àárín orí wa gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án? Ní àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn, òkè kì í ní òjìji tí yóò fi bí ó ṣe ga hàn. Nínú igbó ńkọ́? Ibẹ̀ yàtọ̀: ọjọ́ tí àwọsánmà bo ojú ọ̀run ló dára jù fún igbó, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò ní máa bọ́ sílẹ̀ ní àbàwọ́n àbàwọ́n láàárín ewé.

Ọyẹ́ náà ńkọ́? Eruku tó ń bá a rìn, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti ilẹ̀ Bodélé ní Chad, máa ń ta ìbòjú funfun bo gbogbo ohun tó jìnnà. Lightroom ní irinṣẹ́ kan fún un láti 2015, Dehaze, tí ń ká ìbòjú náà kúrò. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń lò ó ní àlòjù, òkè á wá dúdú, ojú ọ̀run á sì dọ̀tí. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí o padà lọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí omi ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, tí òkè tó wà lókèèrè sì ń hàn bíi pé o lè nawọ́ kàn án. Ohun tí òjò kan bá ṣe fún ojú ọ̀run, o kò ní rí i ṣe lórí kọ̀ǹpútà bó ti wù kí o jókòó tì í tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì sí mi jù nìyí. Púpọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí kò ráyè padà lọ ló ń ṣe àtúnṣe, pé ẹni tó bá lè padà lọ kò nílò rẹ̀. Àtúnṣe ló ń sọ fún ọ ohun tí o máa padà lọ ṣe. Mú fọ́tò ìsun omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà tí o yà. Tún un ṣe dé ibi tí ó lè dé, kí o sì máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ. Bí o bá gé ìdajì rẹ̀ dànù, ó yẹ kí o sún mọ́ ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ń tan òjìji àpáta ní gbogbo ìgbà, wákàtí tí o lọ kò dára, gbìyànjú àárọ̀ kùtù. Bí omi bá tín-ín-rín jù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo lọ, padà lọ nígbà òjò. Bí o bá ń dín dídán ewé kù nítorí pé ó ń tàn bíi ti ike, gíláàsì polarizer ló ṣẹ́kù. Bí o bá sì lo ogún ìṣẹ́jú láti fi nu ọ̀rá píọ́wọ́tà kúrò létí omi, nígbà tí o bá padà dé ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o ṣà á.

Àtúnṣe kan wà tí kò yẹ kí a ṣe, ó kéré tán láìsọ fún ẹni tí yóò wò ó. Ṣé o mọ̀ pé ìwé ìròyìn National Geographic sún pírámídì Gíza méjì mọ́ra wọn lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè gba èèpo iwájú ìwé rẹ̀ ti oṣù Kejì ọdún 1982? Àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán títí dòní. Ìdíje Wildlife Photographer of the Year, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Natural History Museum ní London ń ṣe, gbà kí o tan fọ́tò, kí o mú un ṣókùnkùn, kí o gé etí rẹ̀. Kò gbà kí o fi ohun tí kò sí kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí o yọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìwọ̀n yẹn tọ́ lójú tèmi. Ẹni tí ó bá gbé òṣùpá ibòmíràn sórí Òkè Ìdànrè ti fi òkè náà parọ́.

Ṣí fóònù rẹ nírọ̀lẹ́ yìí. Wá fọ́tò odò, òkè tàbí igbó tí o yà lọ́dún tó kọjá, èyí tí o fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn mọ́. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o fi èyí àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, má pa á rẹ́ láé. Tún ẹ̀dà náà ṣe, kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì mú ọjọ́ tí o máa padà lọ.